Yàrá 225

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2013, wọ́n bá tọkọtaya kan lókùú nínú yàrá 225 ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Boone, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Washington, ní ìkangun kejì orílẹ̀-èdè náà, ni wọ́n ti wá. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni ṣe wọ́n léṣe. Bí àgbàlagbà bá kú báyìí, àrùn ọkàn ni ẹnu gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àmọ́ ọkàn ènìyàn méjì kì í sábà pinnu láti dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, nínú yàrá kan náà.

Wọ́n ti yàrá náà pa. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn olóògbé ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ń retí èsì. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ṣí yàrá náà, wọ́n ń gba àlejò sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, obìnrin kan láti South Carolina àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 dé sí hòtẹ́ẹ̀lì náà, yàrá 225 ni wọ́n sì fún wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, wọ́n bá ọmọ náà lókùú. Ìyá rẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n ó ṣe é ní jàǹbá púpọ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ náà tó kú ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú tọkọtaya náà ti jáde. Ó ti wà lákọsílẹ̀ pé gáàsì carbon monoxide ló pa á. Ìwé náà kò dé ọwọ́ ẹni tó lè sáré lọ ti ilẹ̀kùn yàrá. Dókítà tó ń ṣàyẹ̀wò ikú ní agbègbè náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kẹfà yẹn kan náà.

Nígbà tí wọ́n wá tú ilé wò, ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti lóye. Ìsàlẹ̀ yàrá náà ni ẹ̀rọ tó ń mú omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ gbóná wà. Wọ́n ti yí ẹ̀rọ náà padà kúrò lórí gáàsì propane, wọ́n ti so ó mọ́ gáàsì tí ìlú ń fi páìpù pín. Páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde sí ìta ti dípẹtà, ó ti lu. Ohun tó yẹ kó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ òde ń gba àwọn àlàfo ara ilé lọ sí òkè, ó ń wọ ibi tí ènìyàn sùn sí. Kò sí ẹ̀rọ aṣọ́gáàsì kankan nínú yàrá náà, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà kò tíì ní kí hòtẹ́ẹ̀lì ní in. Lẹ́yìn òkú mẹ́ta, wọ́n ṣe òfin náà lọ́dún yẹn kan náà.

Kò pẹ́ sí i, ní oṣù Kejì ọdún 2014, páìpù èéfín ẹ̀rọ amómigbóná jò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé oúnjẹ kan ní Long Island, New York. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé oúnjẹ náà kú, wọ́n sì gbé ènìyàn tó lé ní 20 lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kò kan ilé oúnjẹ. Ó di ọdún 2015 kí ìpínlẹ̀ New York tó fi ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ kún àwọn ibi tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà. Bí òfin ààbò ṣe ń rìn nìyí káàkiri ayé: òkú ló máa ń lọ ṣáájú.

Mo mọ ohun tó máa wá sọ́kàn ẹni tó bá kà á dé ibí: ká ra ẹ̀rọ náà, ká kàn án mọ́ ògiri, ó parí. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá wa fà. Ohun tí a kàn mọ́ ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá wò, lè burú ju kí ògiri ṣófo lọ. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ṣófo ṣì lè fura.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀tá náà dáadáa. Carbon monoxide, tí àwọn onímọ̀ ń kọ sílẹ̀ ní CO, ni iná máa ń bí nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá tó o jó. Igi, èédú, bẹntiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì ìdáná, kò sí èyí tí kò lè bí i. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í múni húkọ́. Òórùn tí à ń gbọ́ lára jẹnẹrétọ̀, àwọn nǹkan mìíràn tó ń bá a jáde ló ni ín. Afẹ́fẹ́ lè mọ́ lójú, kó má rùn, kí CO sì kún inú rẹ̀. Bí a bá fà á sínú, á lọ di hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ mú, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, ìdìmú rẹ̀ sì le ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 sí 250. Ènìyàn á máa mí sókè mí sódò, ọ́síjìn kò ní rí ibi jókòó sí.

Iye rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi ppm wọ̀n, ìyẹn ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́. Ní 200 ppm, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ni láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ní 800, òòyì àti èébì á dé láàárín ìṣẹ́jú 45, ikú sì lè dé láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ní 1,600, wákàtí kan ti tó o pa ènìyàn. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kó rẹni: ní ilẹ̀ wa, ibà ni a ó pe gbogbo rẹ̀. A ó lo oògùn ibà, a ó sì padà lọ sùn sínú yàrá kan náà, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1896, lẹ́yìn ìbúgbàù kan ní ibi ìwakùsà èédú ní Tylorstown, ilẹ̀ Wales, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ John Scott Haldane yẹ òkú àwọn awakùsà wò. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ìbúgbàù ló pa wọ́n. Carbon monoxide tó gba inú ihò lẹ́yìn ìbúgbàù ni. Òun ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ẹran kékeré wọ inú ihò, nítorí májèlé náà máa ń tètè mú un ju ènìyàn lọ. Ẹyẹ canary ló wá gba iṣẹ́ náà. Ọdún 1986 ni ìjọba Britain kéde pé ẹ̀rọ yóò rọ́pò àwọn ẹyẹ tó kù lẹ́nu iṣẹ́.

Inú mi dùn fún àwọn ẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí ẹ̀rọ kò ní: bí ẹyẹ bá kú, gbogbo ènìyàn ló máa rí i pé ó ti kú. Bí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń mọ gáàsì, bá ti kú, ó ṣì lè máa kọ 0 sójú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, kí iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ sì máa tàn roro.

Nínú ìtàn Boone, ẹ̀rọ kò sí. Ìtàn kan tún wà tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti wà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, ní ibi ìwakùsà èédú kan tó ń jẹ́ Aracoma Alma ní agbègbè Logan, ìpínlẹ̀ West Virginia, bẹ́líìtì tó ń gbé èédú jáde yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń ha, ó ń gbóná, títí ó fi gbiná. Ìgbà yẹn, ọ̀fọ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà: ọjọ́ 17 péré ṣáájú ni awakùsà 12 kú ní ibi ìwakùsà Sago, carbon monoxide ló sì pa 11 nínú wọn. Ní Aracoma, ẹ̀rọ aṣọ́gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì. Ó rí carbon monoxide. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lókè ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí. Kò sí ẹni tó tètè ní kí àwọn méjìlá tó wà ní apá ibi tí wọ́n ń gé èédú jáde wá. Alámù tó yẹ kó dún létí wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, wọn kò so ó síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọ́n gbọ́ ogun yìí tẹ́lẹ̀ o. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ wà lókè, ẹni tí ogun ń bọ̀ wá bá wà ní ìsàlẹ̀.

Ìyókù ọjọ́ náà kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹnu họ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ fi pa iná kò bá ẹnu páìpù mu. Nígbà tí wọ́n sì ṣí páìpù náà, kò sí omi nínú rẹ̀. Ògiri tó yẹ kó ya ọ̀nà bẹ́líìtì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí ènìyàn máa gbà sá, wọ́n ti yọ apá kan rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ọ́n padà, èéfín sì tú wọ ọ̀nà àsálà. Ènìyàn mẹ́wàá jáde. Méjì sọnù nínú èéfín, ọjọ́ 21 oṣù náà ni wọ́n tó rí òkú wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ibẹ̀ gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn mẹ́wàá, ó sì san ìtanràn tó jẹ́ mílíọ̀nù 4.2 dọ́là lápapọ̀.

Láàárín afẹ́fẹ́ burúkú àti ẹsẹ̀ ènìyàn tó ń sá, ọ̀pọ̀ nǹkan ló so kọ́ra. Sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, àpótí tó ń ka ohun tí wáyà bá gbé wá wà níbẹ̀, fáànù àti alámù wà níbẹ̀, ẹni tó mọ ohun tí ariwo alámù túmọ̀ sí náà wà níbẹ̀. Ibi tó bá já nínú wọn, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ẹni tó ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo ra ẹyọ kan nínú wọn ni.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe kékeré oníbátìrì tí àwọn ará ìlú òyìnbó ń gbé sínú ilé nìkan. Èyí tó dúró sójú kan ni mo ní lọ́kàn jù, tí wọ́n ń so sí ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé, sí yàrá bọ́ílà, sí ilé jẹnẹrétọ̀ ńlá, sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nínú ikùn rẹ̀, omi ásíìdì díẹ̀ wà pẹ̀lú irin tín-ín-rín mẹ́ta. Bí CO bá wọlé, á yí padà di carbon dioxide lórí ọ̀kan nínú àwọn irin náà, iná mànàmáná bíńtín á sì jáde. Bí CO bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe máa pọ̀ tó. Ohun ìyanu ni, mo gbà. Àmọ́ omi inú rẹ̀ máa ń gbẹ, pàápàá níbi tí ooru bá pọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, irin rẹ̀ náà máa ń rẹ̀. Ọdún díẹ̀ ni iye ọjọ́ ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í ju ọdún méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún lọ. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ bá dínkù sí ìdajì, kò ní kígbe. Á kàn máa pe 100 ní 50.

Láti ibi síso ó mọ́ ògiri ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníná tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín iná máa ń wà ní àjà á lọ kàn án mọ́ àjà. Ẹni tó sì mọ̀ pé gáàsì ìdáná inú sìlíńdà wúwo, tó máa ń rá nílẹ̀, á kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀. CO kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti afẹ́fẹ́ dọ́gba, ó máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn ni. Nítorí náà, ibi tí imú ènìyàn wà ni ó yẹ kí ojú ẹ̀rọ wà, bíi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀. Kí ó má sì wà lẹ́nu ọ̀nà tàbí níwájú fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń so ó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà ti rọrùn fà. Bí ọkọ̀ 20 bá ń tú èéfín ní igun tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀ ilé, ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà á máa mí afẹ́fẹ́ òpópónà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ títún òǹkà rẹ̀ ṣe, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní calibration. Àwọn obìnrin ọjà wa mọ̀ ọ́n jù mí lọ: kí wọ́n tó gbé ẹran lé òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí òdo, bí ó bá sì ṣe wọ́n ní iyèméjì, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀ lé e. Iṣẹ́ méjì náà nìyẹn. A ó fún sẹ́ńsọ̀ ní afẹ́fẹ́ tó mọ́, a ó sì sọ fún un pé òdo nìyí. Lẹ́yìn náà, a ó fún un ní gáàsì tí iye CO inú rẹ̀ dá wa lójú, bíi 100 ppm láti inú sìlíńdà kékeré, a ó sì sọ fún un pé ọgọ́rùn-ún nìyí.

Nínú méjèèjì, iṣẹ́ òdo ni ènìyàn máa ń fojú kéré, òun ló sì léwu jù. Ẹ wo onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó dé ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ń wọlé lọ́wọ́ọ̀wọ́. Kò gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ lọ́wọ́. Ó tẹ bọ́tìnì, ó ní kí ẹ̀rọ gba afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ sí òdo. Bí CO tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn bá jẹ́ 30 ppm, láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ á máa yọ 30 kúrò nínú gbogbo ohun tó bá rí. Ní 50 ppm, tí í ṣe òpin tí òfin Amẹ́ríkà fi sí i fún òṣìṣẹ́ lórí wákàtí mẹ́jọ, 20 ni ojú ẹ̀rọ á kọ. Bí wọ́n bá ti ṣètò fáànù pé kó máa ṣiṣẹ́ ní 25, fáànù náà á dákẹ́. Kò sí ohun tó bà jẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà ló burú, ó sì ń pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ mímọ́ ni kí wọ́n máa gbé lọ, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ òdo nígbà tí kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, tí fáànù sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́.

Iṣẹ́ gáàsì ń fẹ́ sùúrù. Ìdérí kékeré kan ni wọ́n á fi bo ojú sẹ́ńsọ̀, wọ́n á fi rọ́bà so ó mọ́ sìlíńdà, gáàsì á sì máa rọra wọlé, nǹkan bí ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan. Òǹkà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹni tó ń kánjú á tẹ bọ́tìnì nígbà tí òǹkà ṣì ń gòkè, ẹ̀rọ á sì gba irọ́ sí òótọ́. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta títí òǹkà á fi jókòó jẹ́ẹ́. Kẹ́ ẹ sì wo ara sìlíńdà náà: ọjọ́ tí gáàsì inú rẹ̀ máa kú wà níbẹ̀. Gáàsì tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi búra. Ọgbọ́n àwọn kan ni láti fẹ́ èéfín sìgá sí sẹ́ńsọ̀, kí òǹkà fò sókè, kí oníbàárà pàtẹ́wọ́. Èéfín sìgá fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́ nǹkan. Bóyá ó ń gbọ́ ọ bó ṣe tó, kò lè fi ìyẹn hàn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń kọ sínú ìwé wọn pé kí wọ́n máa tún òǹkà ṣe. Níbi tí eruku àti ooru bá ti pọ̀, mi ò rí ìdí tí ènìyàn á fi dúró tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, iná mànàmáná díẹ̀ tí wọ́n ń fi mílíámpíà wọ̀n ni sẹ́ńsọ̀ fi ń bá àpótí sọ̀rọ̀, láti 4 dé 20. Mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe òdo, ọgbọ́n ńlá sì ni. Bí eku bá gé wáyà, iná inú rẹ̀ á já wá sí 0, àpótí á mọ̀ pé èyí kì í ṣe afẹ́fẹ́ mímọ́, nǹkan ló bà jẹ́. Á tan iná aláwọ̀ ìyeyè, á máa ké pìn-ín pìn-ín. Ẹ lọ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ńláńlá léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí pìn-ín pìn-ín yẹn. Bọ́tìnì kan wà tó ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdí mìíràn tí wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́ wà tó kan ilé tiwa gan-an. Sẹ́ńsọ̀ CO máa ń ṣi gáàsì háídrójìn mú fún CO. Bátìrì ńlá oní-ásíìdì tí à ń fi ṣe ínfátà máa ń tú háídrójìn jáde nígbà tó bá ń gba iná, àgàgà irú èyí tí à ń bu omi sí. Bí wọ́n bá kó bátìrì bẹ́ẹ̀ sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ aṣọ́gáàsì, alámù á máa dún nígbà tí CO kò sí. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnì kan á yọ wáyà rẹ̀. Bátìrì náà ni kí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀, tàbí kí wọ́n wá sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe kó má fi bẹ́ẹ̀ ka háídrójìn sí. Àti àwọn tó ń kun ilé lọ́dà: ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú sẹ́ńsọ̀ kí ọ̀dà má bàa ta sí i, ohun tó dáa sì ni. Ọ̀rá náà ló máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbowó tán, tí wọ́n sì ti lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtura àti ilé alájà púpọ̀ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ronú lé jù ni ti iná. Ẹ̀rọ tó dúró sójú kan ń fẹ́ iná. Bí ẹ bá so ó mọ́ iná ìjọba nìkan, ìṣẹ́jú tí wọ́n bá mú iná lọ ni yóò kú. Ìṣẹ́jú yẹn náà ni jẹnẹrétọ̀ á ké. Ìgbà tí CO bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni aṣọ́nà lọ sùn. Kí ó wà lórí ìlà tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kí ó sì ní bátìrì tirẹ̀ tó máa gbé e dúró láàárín. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa kò ní rí owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, jíjìnnà ni ààbò: kí jẹnẹrétọ̀ wà ní gbangba ìta, kí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé. Kó má wà ní bákónì tàbí ní kọ́ríídọ̀, kó má sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣọ́tà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí olè. Fèrèsé ṣíṣí kò tó.

Àwọn ènìyàn wa tó ń háyà ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin lẹ́yìn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, onílé gbọ́dọ̀ fi alámù CO sí gbogbo yàrá gbígbé tí ohun tó ń jó epo, gáàsì tàbí igi bá wà nínú rẹ̀ lójú kan, bíi bọ́ílà, ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀ bí ayálégbé bá fi tó o létí pé ó ti bà jẹ́. Òfin náà yọ sítóòfù gáàsì ìdáná sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé ìkòkò àmàlà ńlá kaná fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú fèrèsé títì nítorí òtútù, onílé rẹ̀ kò ru òfin bí kò bá fi alámù síbẹ̀. Kó ra tirẹ̀. Kó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọdún tó máa parí wà níbẹ̀. Bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ láti dán an wò, ariwo àti bátìrì nìkan ló ń dán wò lára ọ̀pọ̀ nínú wọn; kì í béèrè lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀ bóyá ó ṣì ń gbóòórùn ohunkóhun. Kó sì mọ̀ pé irú alámù ilé yìí kì í sáré ké. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ni pé ní 50 ppm, kó dún láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90. Ní 100, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 40. Ní 300, kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Tí ó bá wá dún, kì í ṣe àkókò àríyànjiyàn. Kí gbogbo ará ilé jáde, kí wọ́n ka ara wọn níta, kí ẹni tí orí ń fọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kó sì dárúkọ CO fún dókítà. Bí wọ́n bá fún un ní ọ́síjìn gidi, nǹkan bí wákàtí kan sí kan ààbọ̀ ni ìdajì májèlé náà fi ń jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún.

Fún àwọn tó ní ilé ńlá tí wọ́n sì ń sanwó fún onímọ̀ ẹ̀rọ, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá tú gáàsì sí sẹ́ńsọ̀, ẹ má jẹ́ kó pa alámù kí iṣẹ́ lè rọrùn. Ẹ ní kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹnì kan dúró ní ìsàlẹ̀ kó wò ó bóyá fáànù ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn dúró níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò kó gbọ́ bóyá alámù dún débẹ̀, kí wọ́n sì bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ohun tó máa ṣe bí ó bá dún ní aago mẹ́ta òru. Lẹ́yìn náà, kó tó fọwọ́ kan òǹkà, kó kọ iye tó bá nílẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ọ́. Iye tó wà lẹ́yìn àtúnṣe ni wọ́n máa ń kọ, 100, rẹ́gí. Bí gáàsì 100 bá wọlé, tí ẹ̀rọ sì kọ 60, ẹ̀rọ yẹn ti ń purọ́ láti ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láàárín àbẹ̀wò tó kọjá àti ti òní. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí 60 yẹn, kó kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì ṣàdéhùn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀ dípò mẹ́fà.